Pọ́ńpù wa ń fa ọmọ ẹja wọnú bẹ́ẹ̀dì ẹ̀fọ́: báwo la ṣe máa ṣe é tí ẹlẹ́fọ̀ọ́ àti apẹja ò fi ní bára wọn jà?

Akọ̀wé Ẹlẹ́fọ̀ọ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Ọ̀rọ̀ kan délẹ̀ lábúlé wa, mo sì fẹ́ kí ẹ bá wa dá sí i kó tó di ìjà.

Ìhà Ìdó la wà, lẹ́yìn Omi Àdìó. Odò kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń ṣàn lọ pàdé odò Ọnà. Òun la fi ń bomi rin ewédú, tẹ̀tẹ̀ àti ata lẹ́ẹ̀rùn, tí a ń kó lọ sí Ṣáṣá àti Bódìjà. Garawa la fi ń pọn omi tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn sì ń ro wá. Nígbà tí ẹgbẹ́ dáwó jọ tí a ra pọ́ńpù oníbẹntiróòlù ínṣì 3, ayọ̀ wa ò ṣe é fẹnu sọ, nítorí ilẹ̀ tí a ò lè fi garawa dé tẹ́lẹ̀ ti di oko báyìí.

Àmọ́ ọmọ ẹja ń bá omi jáde. Ẹ ó rí wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, àwọn tí kò tó ìka ọwọ́. Abẹ inú pọ́ńpù ti gé òmíràn sí méjì, òmíràn ṣì ń ta pọ́npọ́n láàárín ewédú. Lékèélékèé ti mọ ìró pọ́ńpù yẹn. Bí a bá ti tàn án báyìí, wọn á ti bà sí eteetí oko.

Àwọn ìyá tó ń yan ẹja àti àwọn bàbá tó ń dẹ ìgèrè ti fẹjọ́ sùn Baálẹ̀. Wọ́n ní ẹja ò sí mọ́, pọ́ńpù ló fà á. Àwọn kan ní ká gbé pọ́ńpù kúrò lódò pátápátá. Àwọn ọ̀dọ́ tiwa náà ń sọ pé Ọlọ́run ló ni omi. Èmi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì. Àwọn ìyá wọ̀nyí ló ń ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ wa, ilé ìwé kan náà làwọn ọmọ wa ń lọ, kò sì sẹ́ni tó máa kó kúrò lábúlé fún ẹnìkejì.

Ǹjẹ́ ohun kan wà tí a lè fi bo ẹnu họ́òsì tí ẹja ò fi ní wọlé? Kí ló tún yẹ ká ṣe? Ìpàdé Baálẹ̀ ti ń bọ̀ lọ́nà.

Ọmọ Mọ́níyà

Ẹ kú iṣẹ́ o, Akọ̀wé. Èyí ò le rárá. Ẹ ra nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, ẹ ká a ní ìlọ́po méjì, ẹ fi wáyà so ó mọ́ ẹnu họ́òsì. Ẹja kankan ò ní wọlé. Ohun tí àwa ń ṣe lọ́dọ̀ wa nìyẹn.

Oníṣẹ́ Pọ́ńpù

Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì so nẹ́ẹ̀tì mọ́ ẹnu họ́òsì. Pọ́ńpù tí wọ́n gbé wá bá mi torí irú nẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ kò lóǹkà. Ewé á dí i, omi ò ní lè wọlé bó ṣe yẹ, pọ́ńpù á máa yí lórí afẹ́fẹ́, síìlì tí kì í jẹ́ kí omi jò nínú rẹ̀ á gbóná, á jó. Lẹ́yìn náà wọ́n á ní mẹkáníìkì ló ta ayédèrú síìlì fún àwọn.

Ẹja ńkọ́? Kò ní wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n á lẹ̀ mọ́ nẹ́ẹ̀tì, kò sì ní lè já ara rẹ̀ gbà títí tó fi máa kú. Ẹ wo ìdí rẹ̀. Nínú họ́òsì ínṣì 3, bí pọ́ńpù bá ń fà á dáadáa, omi ń sáré ju mítà 3 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọmọ ẹja wo ló máa lúwẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn? Bí ojú ibi tí omi ń gbà wọlé bá ṣe fẹ̀ sí i ni eré omi náà ṣe ń rọlẹ̀. Nítorí náà, ẹ má wo bí ihò asẹ́ ṣe kéré tó nìkan. Ẹ wo bí asẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe tóbi tó.

Bí ẹ ṣe máa mọ ìwọ̀n tiyín rèé. Ẹ gbé dúrọ́ọ̀mù 200 lítà sí ibi tí omi ti ń jáde, kí ẹnì kan máa wo aago. Pọ́ńpù ínṣì 3 tó ṣì lágbára máa ń kún un ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 12. Ìyẹn ni pé lítà 16 sí 17 ló ń fà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá fẹ́ kí omi máa rìn jẹ́jẹ́ dé ara asẹ́, ká ní sẹ̀ǹtímítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, asẹ́ tó fẹ̀ ní mítà kan tó sì gùn ní mítà kan yóò gba lítà 100 kọjá. Ìdá kan nínú mẹ́fà irú asẹ́ bẹ́ẹ̀ ló máa tó pọ́ńpù yín. Ẹ má wá ṣe é ní ìwọ̀n yẹn gẹ́lẹ́ o, torí ewé máa dí apá kan.

Ohun tí mo máa ń bá èèyàn ṣe ni dúrọ́ọ̀mù oníke 200 lítà. A ó gé fèrèsé gbọọrọgbọọrọ sí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a ó fi ìlà ike sílẹ̀ láàárín wọn kó má baà rún. A ó fi nẹ́ẹ̀tì líle tí ihò rẹ̀ jẹ́ mílímítà 2 sí 3 bò ó yíká. Irin tó ń dípẹtà kò dáa níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀mù yẹn lódindi ju mítà kan ààbọ̀ oníhà mẹ́rin lọ. Bí fèrèsé bá gba ìdajì rẹ̀, tí ìdajì ìyẹn náà bá wà lókè omi, ó ṣì tó yín dáadáa.

Ẹ dùbúlẹ̀ rẹ̀ sínú omi, kí ẹ gbé e ka òkúta kó má baà sùn sórí ẹrẹ̀. Ẹ ki họ́òsì wọ̀ ọ́ láti orí, kí ẹnu họ́òsì wà ní àárín gbùngbùn. Bó bá fara kan ẹ̀gbẹ́ kan, ojú ibẹ̀ nìkan ni yóò máa fà, gbogbo ìṣirò tí mo ṣe á sì bàjẹ́.

Ará Òkè Òkun

Ọmọ Òkè Àdó ni mí, Ọsirélíà ni mo ń gbé. Ọ̀rọ̀ Oníṣẹ́ Pọ́ńpù tọ̀nà, àtúnṣe kékeré kan ni mo fẹ́ ṣe sí i.

Sẹ̀ǹtímítà 10 yẹn dáa bí ohun kan bá ń nu asẹ́ nígbà gbogbo. Ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń dáàbò bo ọmọ ẹja sámọ́ọ̀nù lẹ́nu ẹ̀rọ ìbomirinko, òdiwọ̀n wọn ni pé ihò asẹ́ kò gbọdọ̀ ju mílímítà 2.38 lọ fún àwọn tó kéré jù. Omi tó ń lọ bá asẹ́ kò sì gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 12 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan bí búrọ́ọ̀ṣì tàbí omi líle bá ń fọ asẹ́ náà fúnra rẹ̀. Bí kò bá sí ohun tó ń fọ̀ ọ́, ìdajì rẹ̀ ni, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 6. Ẹ̀yin ò ní búrọ́ọ̀ṣì tó ń dá ṣiṣẹ́, nítorí náà sẹ̀ǹtímítà 6 ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìṣirò. Asẹ́ yín gbọ́dọ̀ tó bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá mítà oníhà mẹ́rin kan, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ibi tí kò sí nínú omi kúrò. Dúrọ́ọ̀mù yẹn ṣì tó o.

Lóòótọ́, àrọ̀ kì í ṣe sámọ́ọ̀nù. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé ò lágbára níbikíbi.

Ohun kan tún wà tí ẹ lè bá àwọn àgbẹ̀ yín sọ bí wọ́n bá ní ọ̀rọ̀ apẹja lásán ni. Ní New South Wales níbí, ara ohun tó mú kí àwọn olóko gba asẹ́ ni pé igi àti ewédò kì í wọ inú ẹ̀rọ wọn mọ́. Ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi kì í dí, wọn kì í sì í ṣí pọ́ńpù nù lemọ́lemọ́. Èrè tiwọn náà wà níbẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ja

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi ń ta ẹja ní ìhà Eléyẹlé, ìyá mi tà á kí n tó tà á. Mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ asẹ́ yìí, ó dára. Àmọ́ ẹ ò tíì kan ibi tó ń dunni.

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá le, odò kékeré kì í ṣàn mọ́. Ibú níbí, ibú lọ́hùn-ún ló máa ń kù. Inú àwọn ibú yẹn ni gbogbo ìyá ẹja sá sí. Àwọn ló máa yé ẹyin bí òjò bá dé. Bí pọ́ńpù bá wá fa ibú gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, asẹ́ yín ì báà jẹ́ ti wúrà, ẹja ti kú. Láyé àtijọ́ àwọn kan máa ń gbọ́n ibú láti kó ẹja inú rẹ̀, àwọn àgbà sì máa ń bá wọn wí gan-an. Pọ́ńpù ti ń ṣe iṣẹ́ ogún ọkùnrin tó ń gbọ́n omi, kò sì sẹ́ni tó ń bá a wí.

Ẹ bi àwọn apẹja abúlé yín léèrè. Wọ́n mọ ibú tí kì í gbẹ. Ẹ má gbé họ́òsì sí ibẹ̀ rárá.

Ẹlẹ́kọ̀ọ́ Ẹja

Ẹ ṣeun Mà. Ohun tí Ìyá sọ yìí náà ni wọ́n kọ́ wa ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹja ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un, torí irú ẹja méjì tó pọ̀ jù lódò yín kò hùwà bákan náà.

Àrọ̀ máa ń dúró de òjò. Bí àkọ́rọ̀ òjò bá rọ̀ tí odò kún, á gòkè lọ sí etí ibi tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bò, á yé ẹyin mọ́ ara koríko. Nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi tiwa, ẹyin yẹn máa ń pa láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan sí méjì. Ọmọ tó jáde ò ju mílímítà 5 sí 7 ní gígùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Kò sí asẹ́ mílímítà 2 tó lè dá irú rẹ̀ dúró. Asẹ́ ò lè gba àwọn wọ̀nyí là. Ohun tó lè gbà wọ́n ni kí ẹ má fa omi ní etí ibi tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bò láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan tí òjò bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó ní òjò ti dé, ta ló ń tan pọ́ńpù? Ẹ rántí pé òjò máa ń rọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù kẹta tàbí ìkẹrin, kó tún dáwọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀. Àárín ìgbà yẹn gan-an làwọn àgbẹ̀ máa ń sáré tan pọ́ńpù.

Epìyà yàtọ̀. Òun ń bímọ yípo ọdún. Ọmọ rẹ̀ ló ń jáde lórí bẹ́ẹ̀dì yín lẹ́ẹ̀rùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú. Agbo ni wọ́n ń tò, ibi tí omi kò ti jìn ní etí odò ni wọ́n sì fẹ́ràn. Ibẹ̀ gan-an lẹ máa ń ju họ́òsì sí torí ó rọrùn. Ẹ gbé ẹnu họ́òsì kúrò létí, ẹ gbé e lọ sí àárín ibi tí omi ti ń ṣàn.

Ọ̀rọ̀ àkókò náà wà níbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ odò, òru ni ọmọ ẹja kéékèèké máa ń bá omi lọ jù. Àrọ̀ pàápàá, òru ló ń rìn. Ẹ má máa fa omi lóru tàbí ní ìdájí. Ọ̀sán ló dára jù fún ẹja.

Àgbẹ̀ Akùfọ̀

Ọ̀sán kẹ̀? Ẹlẹ́kọ̀ọ́ Ẹja, ẹ má bínú, ẹ ò tíì dá oko ẹ̀fọ́ lẹ́ẹ̀rùn. Bí o bá bomi rin ewédú lọ́sàn-án gangan, oòrùn á gba lára omi yẹn lọ́wọ́ ilẹ̀. A ó tún fa omi púpọ̀ sí i, ẹja kan náà la ó sì tún yọ lẹ́nu. Àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ là ń bomi rinko. Bí bàbá wa ṣe kọ́ wa nìyẹn, kò sì tíì yí padà.

Ohun tó lè pa àwa méjèèjì pọ̀ ni tánkì. Ẹ gbé tánkì oníke sórí ibi tó ga díẹ̀ lóko. Ẹ fa omi sí i lọ́sàn-án, pẹ̀lú asẹ́, kẹ́ ẹ sì tú u sóko nírọ̀lẹ́ fúnra rẹ̀, kò sí pọ́ńpù níbẹ̀, kò sí epo. Ẹni tí kò bá lágbára tánkì lè gbẹ́ kòtò, kó tẹ́ tapólì sí i.

Mo tún fẹ́ bi Akọ̀wé: ṣé ẹ máa ń to àpò yanrìn dí odò kí omi lè ga fún họ́òsì?

Akọ̀wé Ẹlẹ́fọ̀ọ́

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ọlọ́run á bá wa san án fún yín.

Bẹ́ẹ̀ ni, Àgbẹ̀ Akùfọ̀, a máa ń to àpò yanrìn. Láti oṣù kejìlá ló ti wà níbẹ̀. Ó ga tó orúnkún. Ibú tó wà lẹ́yìn rẹ̀ la ti ń fa omi. Ẹ̀ẹ̀kan péré la ti rí i kí ibú yẹn gbẹ dé ìsàlẹ̀ látìgbà tí pọ́ńpù ti dé, ṣùgbọ́n bàbá kan tó ń dẹ ìgèrè sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀kan yẹn ló bà á lọ́kàn jẹ́ jù.

Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ tún dábàá pé ká gbẹ́ kànga sí ẹ̀gbẹ́ odò, ká máa fa omi nínú kànga dípò odò. Ǹjẹ́ ìyẹn lè ṣiṣẹ́?

Olómi Ẹ̀gbẹ́dá

Ó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ẹ gbẹ́ kànga bíi mítà mélòó kan sí ẹ̀gbẹ́ odò, ní ibi tí iyanrìn wà. Ẹ ju rọ́ńgì kọnkéré sí i, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ yí i ká. Omi odò á máa gba inú iyanrìn jò wá sínú kànga. Iyanrìn gan-an ni asẹ́ yín. Ẹja kò lè gba ibẹ̀, ẹyin rẹ̀ ò lè gba ibẹ̀, kò sẹ́ni tó máa máa fọ nǹkan kan.

Oníṣẹ́ Pọ́ńpù

Ó dára níbi tí iyanrìn etí odò ti nípọn. Orí àpáta ni Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ jókòó lé, ọ̀pọ̀ odò kékeré wa ò ní iyanrìn tó jìn létí. Ẹ lè gbẹ́ díẹ̀ kẹ́ ẹ kan amọ̀ tàbí òkúta, kànga á wá máa jò omi tó tó ife méjì nígbà tí pọ́ńpù ínṣì 3 ń fẹ́ lítà 17 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ kọ́kọ́ gbẹ́ ihò kékeré dán an wò kẹ́ ẹ tó náwó sí rọ́ńgì. Ẹ fa omi inú rẹ̀ tán, kẹ́ ẹ wo bó ṣe máa pẹ́ tó kó tó padà kún.

Olómi Ẹ̀gbẹ́dá

Òótọ́ ni. Àmọ́ bó bá jẹ́ pọ́ńpù ínṣì kan tó ń fa omi díẹ̀díẹ̀ sínú tánkì ni, kànga tí kò lómi púpọ̀ ṣì lè gbé e. Ẹni tó bá ti ní tánkì kò nílò pọ́ńpù ńlá mọ́.

Àgbẹ̀ Akùfọ̀

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àpò yanrìn, torí èmi gbà pé òun ni ìyọnu yín tó tóbi jù lọ. Ẹlẹ́kọ̀ọ́ Ẹja ti sọ pé àrọ̀ máa ń gòkè odò bí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Bó bá kan ògiri àpò yanrìn tó ga tó orúnkún, ibo ló máa gbà? Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ lá kóra jọ sí, ẹni tó ní àwọ̀n á sì kó gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á tún ní pọ́ńpù ló pa ẹja.

Ẹ kó àpò yẹn kúrò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró kí òjò gbé e lọ. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, a ò tíì gbàgbé omíyalé Ògùnpa ní 1980, bẹ́ẹ̀ la ò gbàgbé omíyalé oṣù kẹjọ 2011. Ohunkóhun tó bá dí odò lọ́jọ́ òjò ńlá, ilé àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló ń lọ.

Ará Òkè Òkun

Bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ ìdènà tó máa wà níbẹ̀ títí, ẹ fi òkúta kọ́ ọ kó dà gẹ̀rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ odò, kí omi máa ṣàn gba àárín òkúta wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹja á máa sinmi lẹ́yìn òkúta kan, á sì ta lọ sí òmíràn. Ìdágẹ̀rẹ̀ kan tí wọ́n ń lò níbí jẹ́ mítà 20 ní gígùn fún mítà 1 ní gíga. Ìdènà yín tó ga tó orúnkún, bí ìdajì mítà, á fẹ́ òkúta tó gùn tó mítà 10. Iṣẹ́ wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n òkúta ò wọ́n ní Ìdó.

Bàbá Erùnmu

Mo kí gbogbo yín. Àgbà tó ti jókòó sí ọ̀pọ̀ ìpàdé omi ni mí. Ẹ ti sọ̀rọ̀ irin àti nẹ́ẹ̀tì tó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti èèyàn.

Bẹ́ẹ̀ bá dé iwájú Baálẹ̀, ẹ má gbé asẹ́ lọ síbẹ̀ bíi pé ẹ ti parí ọ̀rọ̀. Ẹ kọ́kọ́ pe àwọn apẹja, kí wọ́n mú yín lọ sí ojú odò, kí wọ́n fi ibú tí kò gbọdọ̀ gbẹ hàn yín. Ẹ gbé igi kan rì sínú ibú tí ẹ ti ń fa omi. Kí àgbẹ̀ kan àti apẹja kan jọ dúró síbẹ̀ kí wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí i. Bí omi bá ti fà dé àmì yẹn, pọ́ńpù gbọ́dọ̀ kú, ì báà jẹ́ ti alága ẹgbẹ́. Àmì tí gbogbo ojú rí kò nílò ọlọ́pàá.

Kẹ́ ẹ tún bi àwọn apẹja ní ìbéèrè kan, tìfẹ́tìfẹ́: ta ló ń da Gàmálíìnì sódò? Oró yẹn ń pa ẹja ńlá, ó ń pa ọmọ ẹja, ó sì ń bá omi dé orí ẹ̀fọ́ tí a ń jẹ. Òfin ẹja tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1992 lòdì sí fífi oró, ohun abúgbàù tàbí iná mànàmáná pa ẹja lódò. Bí ẹ̀yin bá gba asẹ́, kí àwọn náà gba ti oró. Kí ìhà méjèèjì jọ ru ẹrù.

Ìyá Ẹlẹ́ja

Bàbá, ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ má dárúkọ apẹja lápapọ̀. Ẹni tó ń dẹ ìgèrè kì í da oró, ìgèrè tirẹ̀ á ṣófo títí. Àwọn tó ń wá láti ìta lóru ló ń dà á. Àwọn apẹja abúlé ló máa kọ́kọ́ bá yín mú wọn.

Ẹ sì wo ẹja láàárọ̀ kùtù. Bí ẹ bá rí epìyà tó ń gbẹ́nu sókè létí omi kí oòrùn tó yọ, omi ti kéré jù fún wọn, atẹ́gùn inú rẹ̀ ti ń tán. Àrọ̀ lè mí afẹ́fẹ́, epìyà ò lè ṣe é bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ má tan pọ́ńpù.

Ọ̀dọ́ Olóko

Èmi gbà pẹ̀lú àmì ọ̀dà. Ṣùgbọ́n ta ló máa máa fọ asẹ́ yìí? Bẹ́ẹ̀ bá ní kí ẹni tó ń bomi rinko máa fọ̀ ọ́, kò ní fọ̀ ọ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé iṣẹ́ yẹn fún ọ̀dọ́ kan láti ilé àwọn apẹja, kí ẹgbẹ́ máa fún un lówó díẹ̀. Òun ló ní ìdí láti ṣe é dáadáa.

Bàbá Erùnmu

Ọmọ mi, mo ti rí i níbi tí irú ẹ̀ ti di pé ẹni tó ń fọ asẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ìwọlé lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá gbé garawa wá. Ẹ fún un níṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá fẹ́, àmọ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú Baálẹ̀ pé asẹ́ ló ń fọ̀, kò ni odò.

Ọmọ Mọ́níyà

Oníṣẹ́ Pọ́ńpù, ẹ ṣeun fún àlàyé. Pọ́ńpù tèmi ínṣì 2 ni, dúrọ́ọ̀mù 200 lítà ń gba bí ìṣẹ́jú àáyá 24 lábẹ́ rẹ̀. Ṣé dúrọ́ọ̀mù odindi náà ni màá ṣe?

Oníṣẹ́ Pọ́ńpù

Lítà 8 lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan nìyẹn. Pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà 6 tí Ará Òkè Òkun sọ, asẹ́ tó fẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà 40 ní ìbú àti 40 ní gígùn ti tó, àmọ́ ẹ ṣe é ní ìlọ́po méjì torí ewé. Kẹ́ẹ̀gì ńlá méjì tí ẹ gé fèrèsé sí lè ṣe é, tí họ́òsì bá pín sí ọ̀nà méjì. Dúrọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ló rọrùn jù lójú tèmi.

Akọ̀wé Ẹlẹ́fọ̀ọ́

Ẹ̀yin ènìyàn mi, a ti ṣe ìpàdé. Ọ̀rọ̀ gbóná díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ó wá rọ̀.

A ti fẹnu kò pé ibú ńlá tó wà lábẹ́ igi ìrókò, pọ́ńpù kankan ò gbọdọ̀ kàn án. Àwọn bàbá onígèrè ló fi hàn wá. Nínú ibú tí a ti ń fa omi, alága wa àti ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó ń yan ẹja jọ fi ọ̀dà sàmì sí igi. Ìyá yẹn fẹ́ kí àmì ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, a sì gbà fún un. Dúrọ́ọ̀mù ti wà lọ́dọ̀ jórinjórin. Àpò yanrìn yóò kúrò kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé, àwọn ọ̀dọ́ apẹja ló sọ pé àwọn máa bá wa kó o. Tánkì ò tíì ṣeé ṣe, owó ò tíì sí, nítorí náà ìrọ̀lẹ́ la ṣì ń fa omi, àmọ́ a ti fi ìdájí sílẹ̀. Ti Gàmálíìnì, Baálẹ̀ ní kí ọdẹ máa gba etí odò kọjá lóru.

Mo fẹ́ mọ ohun kan: ṣé ká fi fúùtù fáàfù sílẹ̀ lẹ́nu họ́òsì nínú dúrọ́ọ̀mù, àbí ká yọ ọ́?

Oníṣẹ́ Pọ́ńpù

Ẹ fi sílẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí omi dúró nínú họ́òsì bẹ́ẹ̀ bá pa pọ́ńpù, kẹ́ ẹ má baà máa rọ omi sí i lọ́jọ́ kejì.

Jórinjórin Ìwó Road

Ẹ sọ fún ẹni tó ń ṣe dúrọ́ọ̀mù yín kó fi ìlẹ̀kùn sí ìdí rẹ̀, tó ṣeé ṣí láìyọ họ́òsì. Ọmọ ẹja díẹ̀ àti ẹrẹ̀ máa rí ọ̀nà wọlé ṣáá, ẹ gbọ́dọ̀ lè tú wọn padà sódò. Kó sì fi ọwọ́ méjì sí i lókè tí èèyàn méjì lè dì mú, torí bí ẹrẹ̀ bá kún inú rẹ̀, ẹnì kan ò lè gbé e. Búrọ́ọ̀ṣì onírun líle tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi máa gbo nẹ́ẹ̀tì láti ìta, lẹ́yìn tí pọ́ńpù bá ti kú. Bí pọ́ńpù bá ń fà lọ́wọ́, ewé yẹn ò ní bọ́.